Òkúta Inú Kíndìnrín àti Àpò Ìtọ̀: Ìtàn Ìwòsàn Kan Tí Ó Kan Gbogbo Wa

  

 Ẹni tó bá ti dé Ìdóàní rí, ní apá Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, yóò mọ̀ pé ilẹ̀ olókè, ilẹ̀ olókùúta ni agbègbè náà. Òkúta kì í ṣe àjèjì sí ará ibẹ̀. Àmọ́ òkúta tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ojú ń rí lẹ́bàá ọ̀nà oko. Inú ara ọmọ ènìyàn ló ń gbé. Ó lè má tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, síbẹ̀ ó lè dá ọkùnrin alágbára dùbúlẹ̀ kó máa ké bí ọmọdé.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti àárọ̀, tí kò mu ju ife omi kan lọ. Ní òru, ìrora gbá a mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sí abẹ́ ikùn. Ó jókòó, kò rọgbọ. Ó dùbúlẹ̀, kò rọgbọ. Ó ń bì, òógùn bò ó. Nígbà tó máa tọ̀, ìtọ̀ náà pọ́n. Kí ni a máa ń sọ nínú ilé wa bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀? Ẹnì kan á ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Ẹlòmíràn á ní àtọ̀sí ni, kí wọ́n lọ gbé àgbo wá. Ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n pe àáfà kó wá tọ́ omi. Ọjọ́ á máa gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ òkúta ló dí ọ̀nà ìtọ̀, kíndìnrín tí ìtọ̀ rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń rò pé ọ̀rọ̀ oyìnbó ni òkúta inú kíndìnrín, pé kò kan ẹ̀sìn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó ti àrùn yìí, tí wọ́n wádìí rẹ̀, tí wọ́n kọ ìwé lé e lórí, tí wọ́n sì ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń yọ ọ́, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ní ayé mọ ohun tó ń jẹ́ X-ray.

Kí ni òkúta yìí?

Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti fọ ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí tó bá yọ níbẹ̀ ló ń kó sínú omi tí a ń pè ní ìtọ̀. Ìtọ̀ náà á gba ọ̀nà tóóró kan láti kíndìnrín kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀, kó tó jáde. Ẹ bu iyọ̀ púpọ̀ sínú omi díẹ̀, kí ẹ gbé e sínú oòrùn: nígbà tí omi bá ń gbẹ, iyọ̀ náà á dì sí ìsàlẹ̀ abọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òkúta ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Bí omi inú ara bá kéré, tí ìtọ̀ sì ki, àwọn èròjà tó yẹ kí wọ́n yòrò jáde á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ara wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni calcium oxalate. Òmíràn wà tó jẹ́ uric acid, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé kòkòrò àrùn inú ìtọ̀ ló ń fà á.

Òkúta inú àpò ìtọ̀ lè ní ìdí mìíràn. Lọ́dọ̀ àwọn bàbá àgbà, ó sábà máa ń jẹ́ pé ohun kan ń dí ìtọ̀ lọ́wọ́ àtijáde: bóyá ẹran-ara tó yí ọrùn àpò ìtọ̀ ọkùnrin ká ló wú, bóyá ojú ọ̀nà ìtọ̀ ló há. Ìtọ̀ tó bá dúró pẹ́ nínú àpò bí omi inú kòtò, kì í pẹ́ tí pàǹtírí fi máa ń silẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí a bá yọ òkúta náà tí a kò tọ́jú ohun tó fà á, yóò tún padà wá.

Àrùn àtijọ́ ni

Àrùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1901, wọ́n rí òkúta àpò ìtọ̀ nínú egungun ọmọdékùnrin kan tí wọ́n sin sí El Amrah ní ilẹ̀ Íjíbítì, sàréè náà sì ti lé ní 5,000 ọdún. Àwọn Gíríìkì mọ̀ ọ́n. Nínú ìbúra tí wọ́n fi sọrí Hippocrates, oníṣègùn ń ṣèlérí pé òun kò ní fi ọ̀bẹ kan ẹni tó ní òkúta, pé òun á fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i bí ẹ̀rù rẹ̀ ti tó! Iṣẹ́ náà wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn alábẹ tó ń kiri láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á là á, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á ti lọ kó tó di pé egbò náà dàgbà tàbí pé aláìsàn náà kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí nígbà tí Islam dé. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ àwọn ìjọ rẹ̀ pé àrùn tí Ọlọ́hun bá sọ̀ kalẹ̀, Ó ti sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Èyí wà nínú hádíìsì tó gún régé lọ́dọ̀ Bukhari. Ó tún pàṣẹ pé kí àwọn ẹrú Ọlọ́hun máa wá ìtọ́jú, gẹ́gẹ́ bí Usāmah ọmọ Sharīk ti gbà á wá. Ẹ wo ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ṣe sínú ọkàn àwọn onímọ̀: bí ìwòsàn bá wà, a jẹ́ pé wíwá a ló kù. Ẹni tó bá gba hádíìsì yìí gbọ́ kò ní káwọ́ gbera níwájú àrùn.

Ar-Rāzī àti ìwé rẹ̀ lórí òkúta

Ọ̀kan nínú àwọn tó dìde ni Abū Bakr Muhammad ọmọ Zakariyyā ar-Rāzī. Ìlú Rayy ní ilẹ̀ Páṣíà ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 865, ó sì kú ní ọdún 925, tí í ṣe 313 lẹ́yìn hijra. Ó ṣe olórí ilé ìwòsàn ní Rayy, ó tún ṣe é ní Baghdad. Àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n jù fún ìwé tó fi ya ìgbóná sọ́tọ̀ kúrò lára àrùn éèyí, ṣùgbọ́n ó tún kọ odidi ìwé kan lórí òkúta inú kíndìnrín àti inú àpò ìtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín dáadáa: kì í ṣe orí kan nínú ìwé, odidi ìwé ni. Nínú rẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tó ń mú òkúta dì nínú ara, bí a ṣe ń dá a mọ̀, oúnjẹ tó yẹ àti èyí tí kò yẹ, ewé àti egbò tó ń mú ìtọ̀ wá, àti bí omi gbígbóná ṣe ń dẹ ìrora.

Ìwé náà kò parun. Ní ọdún 1896, ó lé ní 900 ọdún lẹ́yìn ikú ar-Rāzī, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ P. de Koning tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Holland, ní èdè Lárúbáwá pẹ̀lú ìtumọ̀ èdè Faransé.

Az-Zahrāwī: ọ̀bẹ tó bẹ̀rù Ọlọ́hun

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Abu'l-Qāsim az-Zahrāwī dé, ní Andalus, tí í ṣe ilẹ̀ Spain òde òní. Madīnat az-Zahrā, nítòsí Qurtuba, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 936, ó kú ní ọdún 1013. Ìwé rẹ̀, at-Tasrīf, jẹ́ apá 30. Apá tó kẹ́yìn ló fi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ó sì ya àwòrán àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí wọn.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń yọ òkúta inú àpò ìtọ̀. Yóò kọ́kọ́ fọ ìfun aláìsàn, kí ìgbẹ́ má baà bo òkúta mọ́lẹ̀. Wọ́n á gbé aláìsàn náà, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, tàbí kí ó fò sókè lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí òkúta lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọrùn àpò ìtọ̀. Yóò wá ki ìka bọ ìdí aláìsàn láti wá òkúta náà kàn, kí ó sì tì í wá sí ibi tí ọ̀bẹ lè dé. Ibẹ̀ ni yóò là, ní àárín ìdí àti kórópọ̀n, ní ìhà òsì díẹ̀. Ó ní kí ojú ọgbẹ́ náà fẹ̀ ní òde, kí ó kéré ní inú, ní ìwọ̀n tí òkúta náà máa gbà jáde. Bí òkúta bá tóbi jù, ó kìlọ̀ pé àìmọ̀kan ni kí ènìyàn la ọgbẹ́ ńlá sí aláìsàn lára, nítorí pé ó lè kú, tàbí kí ìtọ̀ máa dà lára rẹ̀ títí ayé. Kí oníṣègùn fi ẹ̀mú fọ́ òkúta náà, kí ó kó o jáde ní wẹ́wẹ́.

Òmíràn tún wà. Nígbà mìíràn òkúta kékeré a máa há sí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin, ìtọ̀ kò ní lè jáde. Az-Zahrāwī ṣe irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ mú, ó ní igun mẹ́ta, ó fi igi ṣe èèkù rẹ̀. Ó pè é ní al-mish'ab. Yóò fi okùn so ẹ̀yìn ibi tí òkúta wà kí ó má baà padà sínú àpò. Yóò wá rọra ti irin náà wọlé títí yóò fi kan òkúta, yóò máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu ú já. Ìtọ̀ á tú jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó kù lára òkúta náà, yóò fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́ láti ìta. Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, nǹkan bí ọdún 1000 ni a ń sọ yìí o!

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí àwọn obìnrin ló tún wọ̀ mí lára jù. Ó ní òkúta kì í sábà mú obìnrin, ṣùgbọ́n bí ó bá mú wọn, iṣẹ́ náà le. Lára ìdí tó sọ ni pé ìtìjú kì í jẹ́ kí obìnrin fi ara rẹ̀ han oníṣègùn ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó mọ iṣẹ́ abẹ ṣọ̀wọ́n. Ó ní kí wọ́n wá obìnrin tó mọ ìṣègùn. Bí kò bá sí, kí wọ́n wá agbẹ̀bí tó gbọ́n, kí oníṣègùn máa sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ó ti sọ èyí. Ẹ̀yin òbí tó ní ọmọbìnrin tó mọ ìwé, tí ẹ sì ń ronú bóyá kí ó kàwé dókítà tàbí kí ó má kà á, ẹ rí ìdáhùn. Bí a bá fẹ́ kí obìnrin Mùsùlùmí tọ́jú ìhòòhò àwọn ìyá wa, a jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ rán ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ náà.

Ibn Sīnā: bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ibn Sīnā, tó gbé láyé láàrin ọdún 980 sí 1037, sọ̀rọ̀ òkúta nínú ìwé ńlá rẹ̀, al-Qānūn. Ó ya òkúta kíndìnrín sọ́tọ̀ kúrò lára ti àpò ìtọ̀. Ó ní ti kíndìnrín máa ń rọ̀ díẹ̀, ó sì máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n ti àpò ìtọ̀ le, ó sì tóbi jù. Ó ní ti kíndìnrín sábà máa ń mú àgbàlagbà, ti àpò ìtọ̀ sì sábà máa ń mú ọmọdé. Kò ní ẹ̀rọ kankan. Ojú, ọwọ́ àti ìbéèrè ló fi ṣe àyẹ̀wò: níbo ló ń dùn ọ́, ibo ni ìrora náà ń lọ, báwo ni ìtọ̀ rẹ ṣe rí? Títí di òní, ìbéèrè wọ̀nyí kan náà ni dókítà yóò kọ́kọ́ bi yín.

Bí ìmọ̀ náà ṣe rìn dé òde òní

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, Gerard ará Cremona túmọ̀ al-Qānūn àti apá iṣẹ́ abẹ nínú at-Tasrīf sí èdè Látìn ní ìlú Toledo. Láti ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù ti ń kà wọ́n fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ṣì ń dẹ́rù bani, nítorí pé kò sí oògùn akunnilóorun. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Lọ́ńdọ̀nù, yọ òkúta àpò ìtọ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1658, wọ́n dì í mọ́lẹ̀ nígbà tí ọ̀bẹ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó yè é, ó tọ́jú òkúta náà sínú àpótí, ó sì pinnu láti máa ṣe àríyá ọpẹ́ ní ọjọ́ náà lọ́dọọdún.

Ní ọdún 1824, Jean Civiale ní Paris ki irinṣẹ́ gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọ inú àpò, ó di òkúta mú, ó lu ú, ó fọ́ ọ, láìla ara. Ẹni tó bá ti ka ìwé az-Zahrāwī yóò rántí al-mish'ab. Ní ọdún 1895, Röntgen ní Jámánì ṣàwárí X-ray, ojú wá ń rí òkúta nínú ara alààyè. Ní ọdún 1976, Fernström àti Johansson ní Sweden gba ihò kékeré kan lẹ́yìn aláìsàn yọ òkúta kíndìnrín. Ní oṣù Kejì ọdún 1980, ní ìlú Munich, Christian Chaussy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ẹ̀rọ kan tó ń rán ìgbì gba inú omi lọ bá òkúta. Aláìsàn jókòó sínú omi, ìgbì náà gba ara rẹ̀ kọjá láìla á, ó sì fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́ títí tó fi bá ìtọ̀ jáde. Látorí ọ̀bẹ dórí ìgbì: Ọlọ́hun ń fi ìmọ̀ han ẹni tó bá wá a.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́?

Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa náà kò fi ọ̀rọ̀ ìṣègùn ṣeré. Sultan Muhammad Bello ti Sókótó, tó kú ní ọdún 1837, kọ ìwé lórí ìṣègùn, títí kan ìwé lórí jẹ̀díjẹ̀dí. Bí olórí ìlú ti ń ṣèjọba ló ń kọ̀wé oògùn fún ará ìlú.

Ní ti òkúta fúnra rẹ̀, àwọn dókítà Nàìjíríà kíyè sí i tipẹ́ pé kò wọ́pọ̀ láàrin wa bí ó ti wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó àti àwọn Lárúbáwá. Ní ọdún 1976, dókítà J. O. Esho gbé ìwé jáde lórí bí òkúta ọ̀nà ìtọ̀ ti ṣọ̀wọ́n tó ní Nàìjíríà. Àánú Ọlọ́hun ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn méjì. Nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n, ọkàn wa kì í tètè lọ síbẹ̀. Ibà ni a máa ń pè é, a ó pè é ní àtọ̀sí, a ó pè é ní ọfà. Ẹ sì wo bí ayé wa ti yí padà sí ohun tí bàbá wa ń jẹ: iyọ̀ àti magí pọ̀ nínú ọbẹ̀, ohun mímu aládùn inú ìgò ti gba ipò omi, ara ń sanra, ìrìn ẹsẹ̀ ń dínkù. Gbogbo èyí wà lára ohun tó ń ran òkúta lọ́wọ́. Kí a má ṣe fi ara wa lọ́kàn balẹ̀ pé àrùn òyìnbó ni.

Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti ṣílẹ̀kùn láti ọdún 1957. Ẹ̀yin tó wà ní Ìdóàní àti àyíká rẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀, kò jìnnà sí yín. Ohun tí ar-Rāzī fi ọwọ́ àti ojú nìkan wá, ẹ̀rọ lè fi hàn yín lónìí láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí?

Dókítà á gba ìtọ̀ yín fún àyẹ̀wò, bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀. Á gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Á ní kí ẹ ṣe síkáànù, tí kò ní ìrora kankan, tí aboyún pàápàá lè ṣe. X-ray máa ń fi ọ̀pọ̀ òkúta hàn, ṣùgbọ́n kò ní fi òkúta uric acid hàn. Síkáànù CT ló ń fi òkúta hàn kedere jù lọ.

Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kì í ṣe òkúta nígbà gbogbo. Ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò tó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Àgbàlagbà tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ láìní ìrora, kí ó yára lọ, nítorí ó lè jẹ́ ohun tó burú ju òkúta lọ.

Òkúta tí kò tó 5 mm sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Dókítà á fún ènìyàn ní oògùn ìrora, á ní kí ó máa mu omi, kí ó máa tọ̀ sínú asẹ́ kí wọ́n lè rí òkúta náà yẹ̀ wò. Èyí tó bá tóbi ni wọ́n ń lo ìgbì fún, tàbí irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba ojú ọ̀nà ìtọ̀, tàbí iṣẹ́ abẹ.

Ẹ há èyí sórí, kí ẹ sì kọ́ àwọn ará ilé yín. Bí ìrora ẹ̀gbẹ́ bá wá pẹ̀lú ara gbígbóná àti òtútù tó ń gbọ̀n ènìyàn. Bí ìtọ̀ bá dá pátápátá. Bí aláìsàn bá ń bì tí kò lè mu omi. Bí ó bá jẹ́ aboyún tàbí ẹni tó ní kíndìnrín kan ṣoṣo: kí ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìtọ̀ tó ní kòkòrò àrùn, tí òkúta sì dí ọ̀nà rẹ̀, lè pa ènìyàn láàrin ọjọ́ díẹ̀.

Ní ti àgbo, a kò sọ pé ewé kò ṣiṣẹ́. Ewé ni ar-Rāzī náà fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ewé tó ń lò àti òṣùwọ̀n rẹ̀, ó sì mọ àrùn tó ń lò ó fún. Àgbo tí a kò mọ ohun inú rẹ̀ lè ba kíndìnrín tó ti ń jìyà jẹ́. Ànábì wa kọ́ wa pé ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn tí a kò mọ̀ ọ́n mọ́ ìṣègùn, òun ni yóò san ohun tó bá bàjẹ́. Ẹ̀rù yẹ kí ó ba ẹni tó ń ta ìgò àgbo fún gbogbo àrùn.

Ẹ̀sìn ńkọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Àwọn kan á bèèrè pé ṣé àdúà kò tó ni? Ìtàn kan wà tí wọ́n gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu'd-Dardā, pé ọkùnrin kan wá sọ fún un pé ìtọ̀ bàbá òun dá, òkúta ló mú un, ó sì kọ́ ọ ní àdúà kan. Àwọn onímọ̀ hádíìsì ti sọ pé ẹ̀wọ̀n tí wọ́n gbà á wá kò lágbára. Ṣùgbọ́n àdúà fún aláìsàn fúnra rẹ̀ dára, ó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú hádíìsì mìíràn. Ẹni tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun a máa gbéyàwó. Ẹni tó ń tọrọ ìwòsàn, kí ó wá ìtọ́jú. Ọ̀kan kò lé èkejì lọ.

Bí wọ́n bá ti rọ́bà sí ènìyàn lójú ọ̀nà ìtọ̀, tí ìtọ̀ ń kán sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìrun kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ìdájọ́ rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ìtọ̀ kì í dá lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kí ó ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí àsìkò rẹ̀ bá wọlé, kí ó sì kírun bí ó ti wà. Lọ́dọ̀ àwọn Málíkì, ohun tí a fẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Bí kò bá lè dìde, kí ó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó dùbúlẹ̀ kírun.

Ní ti ìhòòhò, dókítà tó jẹ́ obìnrin ló yẹ obìnrin, ọkùnrin ló yẹ ọkùnrin. Bí kò bá sí, bùkátà sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ní ìwọ̀n ohun tí ìtọ́jú náà bá gbà. Kí ìtìjú má ṣe pa ẹnikẹ́ni.

Ní ti ààwẹ̀, ẹni tí òkúta bá ń dà láàmú lọ́wọ́, Ọlọ́hun ti fún aláìsàn ní àyè láti jẹun, kí ó san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó ti ní i rí, kí ó bi dókítà rẹ̀ kí Ramadan tó dé. Bí ó bá lè gbààwẹ̀, kí ó máa pín omi mu láti ìṣínu títí di sàárì.

Omi ni oògùn àkọ́kọ́

Ẹni tí òkúta bá ti mú rí, nǹkan bí ìdajì wọn ló tún ń padà mú láàrin ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ mu omi tó pọ̀ tó kí ìtọ̀ yín lè mọ́ bí omi tó ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn dókítà fẹ́ kí ìtọ̀ ẹni tó ti ní òkúta rí tó lítà 2 àbọ̀ lójúmọ́. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ oko, ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ wà nínú oòrùn, ẹ máa gbé omi dání. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ má jẹ ẹran ní àjẹjù. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ní oxalate púpọ̀. Ẹni tó ti ní òkúta rí, kí ó bọ̀ ọ́, kí ó da omi rẹ̀ nù. Ẹ má sì sá fún mílíìkì àti wàrà, nítorí pé calcium inú oúnjẹ kì í ṣe ọ̀tá yín.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, àlùwàlá ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ń gbé wa dé ìdí omi. Kí ló dé tí a ó fi fọ ojú, fọ ọwọ́, fọ ẹsẹ̀, tí a ò ní mu ife kan kí a tó kúrò níbẹ̀? Ẹni tó bá sọ ọ́ dàṣà, ife márùn-ún ti wọ ikùn rẹ̀ kí ó tó sùn, láìná kọ́bọ̀.

Ar-Rāzī lọ, az-Zahrāwī lọ, Ibn Sīnā lọ. Ìmọ̀ tó ń ṣe ènìyàn lóore, èrè rẹ̀ kì í dá lẹ́yìn ikú. Ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí ní Ìdóàní tàbí níbikíbi, tó mọ ìṣirò, tó mọ sáyẹ́ǹsì, tó sì bẹ̀rù Ọlọ́hun, ṣé kò lè jẹ́ ìwọ ni yóò gba ipò wọn?

Kí Ọlọ́hun wo gbogbo aláìsàn wa sàn, kí Ó fún wa ní ìmọ̀ tó ṣe àǹfààní, kí Ó sì dá kíndìnrín wa sí títí di ọjọ́ tí a ó padà sọ́dọ̀ Rẹ̀.